Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ, Ẹ Gbé Pẹpẹ Wálẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀gá Ilé-Ìwé àti Òbí

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọmọ ni àwọn fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ yọjú sí kíláàsì, olùkọ́ ló ń dá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ ká ọwọ́ sí àyà. Ẹ má tíì bá olùkọ́ wí. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sí ìpàdé tí ọ̀gá ń bá àwọn olùkọ́ ṣe: ọ̀gá ló ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn olùkọ́ ló ká ọwọ́ sí àyà. Bí wọ́n bá ṣe ṣe sí olùkọ́ ni olùkọ́ máa ṣe sí ọmọ, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nílé ni ọmọ máa gbé e wá sí kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí a fi da ilé àti ilé-ìwé pọ̀ níbí, tí iṣẹ́ sì ti ara àgbà bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wíwò nìkan ni iṣẹ́ yín. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fi ìlà pín in sí mẹ́ta: aago, ohun tí ojú rí, ohun tí mo rò. Ẹ má kọ nǹkan kan sí apá kẹta títí ẹ ó fi jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ jókòó sórí àga kúkúrú ní kọ̀rọ̀, ẹ yan ọmọ kan ṣoṣo, kí ẹ wò ó fún 20 ìṣẹ́jú.

“Ọ̀lẹ ni” kò sí lára ohun tí ojú rí, ìdájọ́ ni. Ohun tí ojú rí lọ báyìí: “9:12, ó mú pẹ́ńsùlù. 9:13, ó gbé e sílẹ̀, ó ń wo fèrèsé. 9:17, ó dìde, ó lọ wo ìwé ẹni tó wà níwájú rẹ̀. 9:18, ó padà, ó kọ ìlà méjì.” Ẹni tó bá ka èyí á fura pé ọmọ yìí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ó ní láti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó lè dá a ṣe. Ẹni tó kọ “ọ̀lẹ” ti pa ìwé dé.

Ẹ tún ka nǹkan mẹ́ta: iye ìgbà tí àgbà já lu ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, iye àṣẹ tó jáde lẹ́nu àgbà, àti bí àgbà ṣe dúró pẹ́ tó lẹ́yìn ìbéèrè kó tó dáhùn fúnra rẹ̀ tàbí kó pe ẹlòmíràn. Ti ìkẹta yìí máa ń ya àwọn olùkọ́ fúnra wọn lẹ́nu. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ máa ń dúró. Nígbà tí wọ́n fi kún un dé mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lónìí, ẹ bi ọmọ ní nǹkan, kí ẹ fọkàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Á dà bí ọdún kan lójú yín.

Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ nílé-ìwé ni pé ọ̀gá wọlé, gbogbo kíláàsì dìde, olùkọ́ yí ohùn padà, ohun tí ẹ sì máa kọ sílẹ̀ ò ju eré orí ìtàgé lọ. Ẹ sọ fún olùkọ́ ṣáájú pé ọmọ lẹ ń bọ̀ wá wò. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ìwé náà hàn án kó kà á. Ẹ má ṣe mú un wọ fáìlì ìgbéléwọ̀n rẹ̀ láé. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ìwé yìí gbá olùkọ́ mú, ẹ ò tún ní rí òótọ́ mọ́.

Nílé, ìṣẹ́jú 10 tó. Ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn, nítorí òbí tó ń yọ́ fóònù wò kò wo ọmọ.

2. Ibi tí ọmọ wà

Àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹ gbé pẹpẹ wálẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ púpọ̀ tí àwọn àgbà ń fi ẹnu ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni pẹpẹ kúkúrú lè bá wọn ṣe láìsọ̀rọ̀.

Ẹ wọn ìjókòó. Nígbà tí ọmọ bá jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún rẹ̀ ká dáadáa, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú tábìlì dọ́gba. Fún ọmọ tó ga tó mítà kan, àga tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 26 àti tábìlì tó ga tó 46 bá a mu. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́ kò lè jókòó pẹ́, á máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, wọ́n á ní oníjàgídíjàgan ni. Bí ẹ ò bá lè ra àga tuntun, àpótí tó le gbọin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣiṣẹ́.

Kí pákó pẹpẹ tó ga jù má kọjá ojú ọmọ tó kúrú jù. Ohun èlò 8 sí 12 ni kó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú tíréè tirẹ̀, kí gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ sì pé sínú tíréè yẹn. Èyí tó kù, ẹ kó o pamọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ò kan ọ̀kan mọ́ fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi síta nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé àìlówó ló fa èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá fẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn á kọ́ láti dúró de àsìkò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti wàásù sùúrù fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò dáadáa: bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe máa dá da omi sí kọ́ọ̀pù.

Ẹ wá jọ́ọ̀gì kékeré tó ń gba nǹkan bíi mìlílítà 250, kí ọwọ́ ọmọ lè ká etí rẹ̀. Ẹ bu omi sí i dé ìlàjì, tó bá pọ̀ jù, díẹ̀ ju ìlàjì lọ. Ẹ gbé e sínú tíréè pẹ̀lú kọ́ọ̀pù kan àti kànìnkànìn tí ẹ ti gé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sí ọ̀tún ọmọ tí ẹ bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, kí apá yín má bo ohun tó ń wò. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ sọ pé, “Mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń da omi hàn ọ́,” kí ẹ sì dákẹ́. Ojú ọmọ ò lè tẹ̀ lé ọwọ́ yín kí etí rẹ̀ tún tẹ̀ lé ẹnu yín.
2. Ẹ di etí jọ́ọ̀gì mú, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e nídìí, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ kọ́ọ̀pù, ẹ dúró díẹ̀.
3. Ẹ dà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ dúró títí ẹ̀kán omi ìkẹyìn á fi bọ́.
4. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ wo orí tíréè. Bí omi bá kán síbẹ̀, ẹ mú kànìnkànìn, ẹ nù ún, ẹ fún omi inú kànìnkànìn náà kúrò.
5. Ẹ da omi padà sí jọ́ọ̀gì, ẹ gbé tíréè síwájú ọmọ, kí ẹ sì fà sẹ́yìn.

Tó bá dà á sílẹ̀, ẹ má ṣe wí nǹkan kan. Omi tó dà sílẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀, kànìnkànìn sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àgbà bu omi kún jọ́ọ̀gì dẹ́múdẹ́mú, kó sì máa bá ọmọ wí pé ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n fún un ní ife oníke tí kì í fọ́ títí láé. Ife tó lè fọ́, tó kéré, ló ń kọ́ ọwọ́ láti rọra, kìkì kí àgbà wà nítòsí láti kó àfọ́kù.

Ọ̀gá ilé-ìwé, ó ku yàrá tàwọn olùkọ́. Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ohun èlò? Bí olùkọ́ bá ní láti kọ̀wé tọrọ páálí àti sísọ́ọ̀sì, kí ó dúró de ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, á pa iṣẹ́ tó gbèrò fún àwọn ọmọ tì, á sì padà sí ìwé kíkà lójú pátákó. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ níbi tí olúkúlùkù á ti kọ ohun tó mú.

3. Àkókò

Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù lọ́jọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, ṣàkíyèsí ohun kan tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá tó ń ṣe táìmù-tébù mọ̀. Tí wọ́n bá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn, lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ariwo á sọ, wọ́n á máa rìn káàkiri, á dà bí ẹni pé ó ti sú wọn. Ó pè é ní àárẹ̀ ẹ̀tàn. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á lu agogo níbẹ̀. Olùkọ́ tó mọ̀ á fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, àwọn ọmọ á sì padà jókòó ti iṣẹ́ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí ni kíláàsì Montessori fi ń fi wákàtí mẹ́ta gbáko sílẹ̀ láàárọ̀ láìdá a dúró.

Ẹ ò lè kàn já sí wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ fi 60 ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi 15 kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iṣẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀ ni láti dí gbogbo ihò tí àkókò ń gbà jò: ìkéde ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọmọ tí wọ́n rán láti kíláàsì kan sí èkejì, àlejò tí wọ́n ń mú káàkiri, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́fíìsì ọ̀gá gan-an ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá.

Nílé, ohun tó ń ba àkókò jẹ́ ni ìkánjú òwúrọ̀. Ẹ wọn bí ọmọ ṣe ń pẹ́ tó tí ó bá dá wọ bàtà àti aṣọ fúnra rẹ̀, láìsí ìrànlọ́wọ́, ní ọjọ́ tí ẹ ò lọ síbì kankan. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 14, 14 ni kí ẹ fi sí ìṣirò, ẹ má fi 5 sí i kí ẹ wá máa pariwo. Tí ọmọ bá sì ti rì sínú ohun tó ń ṣe, ẹ má já lu u, kódà láti yìn ín. Ìyìn náà ń dá iṣẹ́ dúró.

4. Ta ló ń pinnu kí ni?

Ẹ ya ìwé sí apá mẹ́ta: ohun tí ọmọ ń dá pinnu, ohun tí a jọ ń pinnu, ohun tí àgbà ń dá pinnu. Ewu, ìlera àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà ní apá kẹta, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà fún un. Aṣọ tó máa wọ̀, iṣẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó máa jókòó sí kàwé, ìwọ̀nyí lè bọ́ sí apá kìíní. Fún ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ohun méjì láti yàn nínú wọn tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbé mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè ẹ̀tàn. “Ṣé o fẹ́ lọ wẹ̀?” Ọmọ ní rárá, ẹ wá bínú. Ẹ ò bi í ní ìbéèrè, àṣẹ lẹ wọ ẹ̀wù ìbéèrè fún. Ẹ sọ ọ́ gbangba: “Àkókò ìwẹ̀ ti tó. Ṣé wàá rìn lọ ni, àbí wàá fò lọ bí ọ̀pọ̀lọ́?”

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989, sọ nínú àpilẹ̀kọ 12 pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí ohun tó kàn án, kí wọ́n sì fún èrò náà ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ mu. Ẹ ka gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Kò sọ pé kí àgbà kọ́wọ́ bọ àpò.

Ọ̀gá, ẹ ya ìwé kan náà fún àwọn olùkọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí apá kìíní wọn bá ṣófo, ẹ má retí pé wọ́n á jẹ́ kí ti àwọn ọmọ kún.

5. Ìpàdé

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan nílò ìpàdé kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, 20 ìṣẹ́jú fún àwọn ọmọdé, 30 fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Kí àpótí kan wà tí wọ́n máa ń ju ọ̀rọ̀ sí, ẹni tí kò tíì mọ̀wé kọ lè yàwòrán. Kí gbogbo èèyàn jókòó yí ká, olùkọ́ náà lórí àga kan náà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n ka ìpinnu ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n bi ara wọn bóyá ó ṣiṣẹ́. Ilé-ìwé tó bá fo ibí yìí, ìpàdé rẹ̀ á kú láàárín oṣù kan, nítorí ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ò dé ibì kan.

Janusz Korczak, dókítà tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ òrukàn ní Warsaw, olú-ìlú Poland, láti ọdún 1912, gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn ọmọ fúnra wọn jẹ́ adájọ́. Ọmọ lè pe àgbà lẹ́jọ́, Korczak pàápàá sì jẹ́jọ́ níwájú wọn. Nínú òfin ilé ẹjọ́ náà, láti orí àpilẹ̀kọ kìíní dé 99, ìdáríjì tàbí fífi ẹjọ́ sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè máà ní ilé ẹjọ́ o, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ nípa àgbà lè wọ inú àpótí náà.

Nílé, 15 ìṣẹ́jú. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lórí ohun kan tó ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò, kí ìpinnu rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, “ká gbìyànjú rẹ̀ wò.” Bí bàbá tàbí ìyá bá sọ ìpàdé di ibi ìbáwí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, ọmọ á máa ní inú ń run òun tí ọjọ́ ìpàdé bá pé.

6. Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ara tù ú ná, kí ara yín náà tù. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kàn? Kí la lè ṣe láti tún un ṣe? Ẹ má fi “kí ló dé tó o fi ṣe é” bẹ̀rẹ̀, irọ́ ló ń bí, nítorí ọmọ fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ ìdí, á sì wá nǹkan sọ. Kí àtúnṣe tan mọ́ ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó ya ìwé á lẹ̀ ẹ́, ẹni tó da yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ á wá bí ara ṣe máa tu ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbígba eré lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó ya ìwé kò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa ìwé.

Ẹ̀bùn náà lè ṣe ìpalára. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún ṣáájú, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á tán, àkókò tí wọ́n fi ń yàwòrán nínú eré ọwọ́ ara wọn ò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn tí wọn ò ṣèlérí fún. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì ò yí padà. Dípò “o ṣeun, ọmọ dáadáa, gba ìràwọ̀,” ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “O pa ìlà yìí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gún.”

7. Ìpàdé òbí tí ọmọ ń darí

Ibí ni ilé àti ilé-ìwé ti pàdé. 20 ìṣẹ́jú fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọmọ wà níbẹ̀, òun ló sì ń sọ̀rọ̀. Á mú iṣẹ́ mẹ́ta wá: èyí tó le fún un, èyí tó tún ṣe títí tó fi dára, èyí tó wù ú. Kí ó ti fi í dánra wò pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Ẹ fún òbí ní ìbéèrè díẹ̀ lórí páálí kékeré: “Ibo ló ti sú ọ nínú èyí?” “Kí lo fẹ́ dán wò tẹ̀ lé e?” Bí olùkọ́ bá ní ọ̀rọ̀ wúwo láti bá òbí sọ, kó dá ọjọ́ mìíràn fún un. Òbí tó bá béèrè pé ipò kelòó ni ọmọ òun ṣe, ẹ má kọ̀ fún un pẹ̀lú ìbínú. Ẹ ní kó wá jókòó nínú kíláàsì fún ìlàjì wákàtí pẹ̀lú ìwé alápá mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wá jọ ka ohun tó kọ.

Ẹ má da ìgbésẹ̀ méje yìí pọ̀ sínú sáà kan. Wíwò àti ibi tí ọmọ wà tó fún sáà àkọ́kọ́, àkókò fún ìkejì, kí ìyókù tẹ̀ lé e. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí kọ̀rọ̀ kan náà, aago kan náà, kí ẹ tún ka nǹkan mẹ́ta yẹn: ìjálù, àṣẹ, àti ìdúró lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ gbé ìwé tuntun náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí iye ìjálù kò bá dín, ẹ má ra ohun èlò kankan sí i, ẹ lọ wo táìmù-tébù àti ọ́fíìsì yín.